Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Salamatou

Ẹni tí ó bá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ rò pé èmi ni aláìsàn. Bí ọmọ kan bá rọ́ lẹ́sẹ̀ lórí pápá, tí wọ́n sì gbé e wá, n kì í dúró níwájú rẹ̀ bí àwọn oníṣègùn yòókù. Mo máa ń jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní, èjìká mi á kan èjìká rẹ̀, n ó na ẹsẹ̀ tèmi náà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àwa méjèèjì á sì kọjú sí ògiri kan náà bí èrò méjì tí ń retí ọkọ̀ ojú irin. Ìgbà náà ni n ó tó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá wọn kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí wọ́n ń yọ́ ojú wo ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń rò pé oníṣègùn gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

N kì í ṣàlàyé fún wọn. Àlàyé ń gba àkókò, mo sì kórìíra kí a fi àkókò ṣòfò. N ó ṣe é níhìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tán.

Ní ọdún 1979, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kámárádì, tí a kì í kí ara wa láì dárúkọ Ìyípadà tí ìjọba ológun kéde, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ojú irin ní Tchaourou. Iṣẹ́ mi ni pé kí n fọ egbò, kí n gún abẹ́rẹ́, kí n sì kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, inú àpò lẹ́tà ni ó ti bá mi wá. Mo kọ́ ìṣirò nínú lẹ́tà. Mo kọ́ bí a ṣe ń kọ Faransé tó mọ́ nínú lẹ́tà. Yéwándé ìyàwó mi máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe pé bàbá òun ní dandan àfi kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá, inú lẹ́tà ni ǹ bá ti fẹ́ òun.

Ní ọdún náà, mo rí ìkéde kan lára ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ń kọ́ni ní iṣẹ́ títọ́jú iṣan àti oríkèé: bí a ṣe ń fi ọwọ́, omi tútù, báńdéèjì àti eré ìdárayá dá ẹsẹ̀ tàbí apá tó farapa padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún ni, ọ̀kan lóṣù. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo nu òróró kúrò lára ìwé náà, mo sì kọ̀wé sí wọn.

Ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Cotonou. Mo ń jí kí àkùkọ tó kọ. Mo ń kọ ìdáhùn mi sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà tí ẹ̀kọ́ náà bá wá, kí n tó dà á kọ sínú ìwé gidi, nítorí kí ni a fẹ́ fi àyè funfun tó wà lẹ́yìn àpò lẹ́tà ṣe? Àwọn ará ìlú sọ mí ní Dókítà Lẹ́tà. N kò bínú. Orúkọ náà kúrú.

Ìṣòro kan ló wà. Ẹ̀kọ́ kejìlá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ẹnì kan tí yóò máa fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánrawò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Yéwándé níbi tó ti ń yọ àdí.

"Kí n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa dì í, kí ẹ máa tú u?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lójúmọ́."

"Bàbá Bọ́lánlé, ẹ ti fi mí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá lọ́jọ́sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni apá mi fi kú. Ṣé ẹ̀yin náà ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo lẹ́sẹ̀. Méjì ni. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Kí ni n ó máa gba àkókò ẹlòmíràn sí, nígbà tí ẹsẹ̀ tèmi wà nílẹ̀ ní àràárọ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan?

Báyìí ni mo ṣe ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ń di ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá rọ́ sínú, okùn iṣan tó so egungun mọ́ egungun ní ẹ̀gbẹ́ òde ni ó máa ń fà ya. Nítorí náà, ìwé ní kí báńdéèjì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ inú, kí ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó gòkè láti ẹ̀gbẹ́ òde, kí a sì fà á níbẹ̀, kí ó lè máa gbé ẹsẹ̀ náà síta, kúrò níbi tó rọ́ sí. Lójú tèmi tí mo jókòó, tí mo tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ara mi, èyí jẹ́ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Òsì, abẹ́, ọ̀tún, fà. Òsì, abẹ́, ọ̀tún, fà. Mo dì í ní ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo fi aago wọn ara mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó di ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀. Báńdéèjì kan ṣoṣo ni mo lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo lè pa ojú mi dé kí n sì dì í láì ṣìnà. Mo fi èyí yangàn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrìnlélógún dé ní oṣù kejì ọdún 1981. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ojú ewé kan lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú ẹnì kan tó farapa níbi eré ìdárayá láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kọkànlélógún tí yóò san, kí ó kọ ìròyìn rẹ̀, kí aláṣẹ ìlú kan lu òǹtẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá tẹ́wọ́ gbà á, ìwé ẹ̀rí dé nìyẹn.

Mo dúró kí ẹnì kan farapa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, gbogbo ara le. Mi ò ní purọ́: mo lọ dúró létí pápá ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, mo ń wo orúnkún wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀dá. Karimou, olùkọ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá, rò pé mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó gbé àga wá fún mi.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Karimou kan náà gbé Salamatou wá lórí alùpùpù rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Salamatou nígbà náà. Ará Goro ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Adjara, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń gbé ní Tchaourou nítorí ilé ìwé. Adjara yìí ni ó ń dín iṣu àti wàrà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Ní gbogbo agbègbè wa, láti Kika dé Sanson, Salamatou nìkan ni ọmọbìnrin tí wọ́n yàn láti lọ sá eré ẹgbẹ̀rin mítà ní Parakou, níbi ìdíje gbogbo ilé ìwé ẹkùn Borgou. Ìdíje náà ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láti kékeré ló ti ń sọ pé òun ó sáré ní Parakou. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń pè é ní Parakou.

Ní àkókò yẹn, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní oko tirẹ̀, nítorí Ìyípadà ní kí ọmọ ilé ìwé máa jẹ nínú òógùn ara rẹ̀. Oko ilé ìwé tiwa ti fẹ̀ wọ inú pápá, débi pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sáré kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu. Salamatou fẹ́ gé igun ọ̀nà náà kúrú. Ó fo ebè, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè kejì, ó sì rọ́ sínú.

"Tonton, ṣé ó kán?" ni ó bi mí, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń fi Faransé pe ọkùnrin tó jẹ́ bàbá fún wọn. Kò sunkún. Etí aṣọ rẹ̀ nìkan ló dì mú.

Mo tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ti wí. Ẹ̀gbẹ́ òde ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.

"Kò kán. Ó rọ́ ni."

Karimou wò mí. "Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín, kámárádì?"

N kò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni," mo dáhùn. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì rọ́ sínú! Èyí gan-an ni mo mọ̀."

"Ṣé yóò lè sáré?"

Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. "Á san ní ọjọ́ kọkànlélógún. Ọjọ́ mẹ́rin á ṣẹ́kù tí yóò fi sinmi."

Salamatou gbé ojú sókè sí mi. "Tonton, ẹ búra."

"Oníṣègùn kì í búra. Ìlànà ló ń tẹ̀ lé."

Mo fi omi àmù rẹ ẹsẹ̀ náà, mo gbé e lé àpótí. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo sì dì í. Òsì, abẹ́, ọ̀tún, fà. Aago mi sọ ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Karimou pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún un pé kò yẹ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ojúṣe, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ó pa á tán.

Lójoojúmọ́ ni ó ń wá, lójoojúmọ́ ni mò ń tú u, tí mò ń tún un dì. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní:

"Tonton, ó dà bíi pé báńdéèjì yìí ń fa ẹsẹ̀ mi wọlé."

"Báńdéèjì kì í fa nǹkan. Ó ń dì í mú ni."

"Ó ń fà á, Tonton. Tí mo bá sùn, mo máa ń gbọ́ ọ lára."

Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára: Ọjọ́ kẹrin. Aláìsàn ń ṣàròyé.

Ní ọjọ́ keje, Adjara gbé abọ́ iṣu rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú lẹ́tà yẹn, bóyá ojú ewé kan ti já bọ́ lọ́nà. Kí ọmọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ń tiro. Nísinsìnyí tó ń gba ìtọ́jú, ẹsẹ̀ kan ló fi ń fò."

"Tata Adjara, ìtọ́jú ń gba ọjọ́."

"Èmi ò mọ ìwé o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dín iṣu, tí mo rí i pé ó ń jó, mo máa ń yí i padà."

Mo dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ kì í ṣe iṣu. Inú mi dùn sí ìdáhùn náà, mo tilẹ̀ tún un sọ fún Yéwándé nígbà tí mo délé. Ẹ wò ó: ọjọ́ keje ni obìnrin tí kò ka ìwé kan rí gbé ojútùú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ka iwájú mi, ó sì fún mi ní ègé iṣu méjì lé e. Iṣu nìkan ni mo mú.

Títí di ọjọ́ kọkànlá, ẹsẹ̀ náà kò rọlẹ̀. Mo wá pinnu pé ọmọ náà ni ó ń tú báńdéèjì nílé. Mo fi yíǹkì fa ìlà tín-ín-rín kan kọjá lórí báńdéèjì náà, kí ìlà náà lè ṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá tú u. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ìlà náà gún régé. Ká sòótọ́, inú mi bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé aláìgbọràn ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ. Nígbà tí ohun tí mò ń ṣe kò bá ṣiṣẹ́, àṣà mi ni pé kí n ṣe é sí i. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á le.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, mo ní kí ó sá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ní àgbàlá. Ó sá mẹ́fà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wo inú bí ti pẹ́pẹ́yẹ. Ó dúró, ó fún ojú pọ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, Tonton."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó ti san. Ẹ kọ ọ́ pé ó ti san."

Ó purọ́ nítorí Parakou. Mo gbà á gbọ́ nítorí ìwé ẹ̀rí. Mo kọ ọ́ pé ó ti san.

Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìpàdé kọ́mítì Ìyípadà ìlú wa ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ganiou ni olórí kọ́mítì wa. Ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn òǹtẹ̀ rẹ̀ púpọ̀, inú àpò àyà ni ó ń gbé e sí.

"Ṣé a ti múra fún Ìyípadà?" ni ó ké.

"A ti múra! Ìjà ń bá a lọ!" ni gbogbo wa dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjẹ́wọ́ àbùkù ara ẹni, nítorí òfin ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dìde kí ó sọ ibi tí òun ti kùnà. Gbogbo wa ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Karimou jẹ́wọ́ pé òun ń fi gbogbo agbára òun ṣiṣẹ́ jù, tí òun kì í rí àyè sinmi. Tèmi, fún ọdún mẹ́ta gbáko, jẹ́ gbólóhùn kan náà: "Àbùkù mi ni pé n kò ní sùúrù fún ọ̀lẹ." Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe dìde, àwọn tó wà lẹ́yìn bá mi kà á títí dé òpin.

Nígbà tí èyí parí, Ganiou pè mí síwájú. "Kámárádì Akínwùmí ti wo ọmọ wa sàn láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, láì fi owó ìjọba ṣòfò. Kámárádì, ẹ fi hàn wá bí ẹ ṣe ṣe é, kí àwọn yòókù lè kọ́ ọ."

Mo ti ń retí gbólóhùn yìí. Ìwé méjì wà lọ́wọ́ mi tó nílò òǹtẹ̀: ìròyìn mi fún ilẹ̀ Faransé, àti ìwé tó sọ pé ara Salamatou le, ó lè sáré. Mo gbé ìjókòó gígùn síwájú gbọ̀ngàn, mo ní kí Salamatou jókòó, kí ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lé àga kan, kí gbogbo èèyàn lè rí báńdéèjì náà.

"Ẹ tú u, kí ẹ tún un dì lójú wa," ni Karimou wí.

"Òwúrọ̀ yìí ni mo dì í. Kí ni a ó tún tú u fún? Òfò ni." Mo bọ́ bàtà ọ̀tún mi. "Ẹsẹ̀ tèmi wà nílẹ̀."

Mo jókòó ti Salamatou, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé àga kan náà, mo fa báńdéèjì kejì yọ nínú àpò. Mo ń ṣàlàyé bí mo ṣe ń dì í: òsì, abẹ́, ọ̀tún, fà. Mo parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì géérégé. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo dúró de àtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Salamatou ń wo ẹsẹ̀ mi, ó tún wo tirẹ̀.

"Tonton."

"Kí ni?"

"Tiyín ń wo ìta. Tèmi ń wo inú."

"Jókòó jẹ́ẹ́."

"Ẹ wò ó, Tonton. Báńdéèjì yín gba ìta gòkè. Tèmi gba inú."

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì wà lórí àga kan, wọ́n sún mọ́ ara wọn bí ìbejì. Báńdéèjì tèmi gòkè láti ẹ̀gbẹ́ òde, ó gbé ẹsẹ̀ mi síta díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwòrán inú ìwé. Báńdéèjì tirẹ̀ gòkè láti ẹ̀gbẹ́ inú, ó le dan-in, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ síbi tó ti rọ́ sí gan-an. Igba ó lé mẹ́rìnlá ìgbà ni mo fi kọ́ ọwọ́ mi pé kí ó lọ láti òsì sí ọ̀tún. Lórí ẹsẹ̀ ara mi, òsì ni inú. Ṣùgbọ́n lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tí mo kúnlẹ̀ sí níwájú, tó kọjú sí mi, òsì mi ni ìta rẹ̀. N kò di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rí ṣáájú tirẹ̀. Mo ti fi ọjọ́ mọ́kànlélógún rọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Mo ní kó yí i padà!" Ohùn Adjara ló dún láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Ọjọ́ keje ni mo ti sọ ọ́!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ganiou kò lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti yọ òǹtẹ̀ rẹ̀, ó ń mí èémí gbígbóná sí i. "Ó dára gan-an, kámárádì. Níbo ni kí n lù ú sí?"

Salamatou fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tonton, ẹ jẹ́ kó lù ú. Ẹ tún un dì dáadáa fún mi nílé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. N ó sá a."

"Kò ní tíì jinná."

"N ó fara dà á. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti sọ pé ọjọ́ kọkànlélógún."

Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ kẹsàn-án. Okùn iṣan tí wọ́n ti fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í di ọ̀tun láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Bí ó bá tún rọ́ lẹ́nu eré, ó ṣeé ṣe kí ó má sáré mọ́ láéláé, kì í ṣe ní Parakou, kì í ṣe níbikíbi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ìwé méjèèjì yóò gba òǹtẹ̀, ọmọ náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ Faransé yóò sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. N kò rí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Kámárádì Ganiou, ẹ má lù ú."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ jẹ́wọ́ àbùkù mi."

"A ti kúrò níbẹ̀. Ẹ ti jẹ́wọ́ tiyín."

"Èyí tí mo ń kà láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe àbùkù, ìyìn ni. Àbùkù mi rèé." Mo dìde. Mo gbàgbé pé n kò wọ bàtà kan, ẹ̀gbẹ́ kan ara mi sì ga ju èkejì lọ. "Òdì ni mo di ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Ó sọ fún mi ní ọjọ́ kẹrin, mo kọ ọ́ pé ó ń ṣàròyé. Tata Adjara tó ń dín iṣu sọ fún mi ní ọjọ́ keje. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò mi ṣòfò. Kò san. Kò gbọdọ̀ sáré ní Ọjọ́rú. Ẹ̀bi mi ni."

Nínú gbogbo ìpàdé tí a ti ṣe láti ìgbà tí Ìyípadà dé, kò tíì sí ẹni tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe ní tòótọ́ rí, Ganiou kò sì mọ ohun tí òfin wí nípa rẹ̀. Ó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ padà sínú àpò. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kámárádì, ilẹ̀ Faransé ni lẹ́tà yẹn ti wá, àbí? Ẹ̀bi àwọn amúnisìn ni! Wọ́n kọ ọ́ lódì kí ọmọ wa má bàa sáré!"

Ọ̀pọ̀ èèyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inúure ló fi sọ ọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni ó là fún mi, ó fẹ̀ tó ọ̀nà Parakou.

"Rárá," mo ní. "Ìwé náà tọ́. Ẹsẹ̀ mi náà tọ́. Ibi tí mo dúró sí ni kò tọ́."

Salamatou, tí kò sunkún lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, bú sẹ́kún. Kò jẹ́ kí n mú òun lọ́wọ́. Adjara gbé e pọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n sì jáde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ tó ń lọ sí Parakou wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú orin àti àsíá. Salamatou jókòó ti abọ́ iṣu Adjara, ó ń tajà fún wọn. Mo lọ ra iṣu. Ó fún mi ní ṣénjì láì wo ojú mi. N kì í da oúnjẹ nù. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

Ọkọ̀ náà lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí ẹgbẹ̀rin mítà yóò wáyé láìsí i, mo bá a lórí ẹní ilé ìwòsàn. Mo gbé omi, mo gbé báńdéèjì, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Rárá o." Ó fi ọwọ́ gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibí ni kí ẹ jókòó, Tonton. Ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹ kọjú síbi tí mo kọjú sí, kí òsì yín lè jẹ́ òsì mi."

"Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ò rọ́ lẹ́sẹ̀."

Mo jókòó. Mo di tèmi ná, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí pé ó dára. Mo wá tẹ̀ síwájú, mo di tirẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ó gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀: Ọjọ́ kìíní. Oníṣègùn ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ó gbà kí ẹsẹ̀ náà tó san ní tòótọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe rí, ojú ewé mẹ́rìnlá, mo fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì, ìlà méjì péré. Wọ́n ní ìròyìn mi kò bá ìlànà mu, nítorí aláìsàn kò san ní ọjọ́ kọkànlélógún. Kí n wá aláìsàn mìíràn. Mo lo ẹ̀yìn lẹ́tà náà láti kọ orúkọ àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́. Títí di òní, n kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Salamatou lọ sí Parakou. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ná owó lórí ohun tí kì í ṣe dandan. Mo fẹ́ dúró sẹ́yìn láàárín èrò, kí ó má rí mi. Ó jókòó sórí koríko létí pápá, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fa báńdéèjì yọ, ó wá ń wo yíká títí ó fi rí mi. Ó fi ọwọ́ gbá koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹkùn Borgou wà níbẹ̀. Koríko náà tutù, ṣòkòtò mi kan ṣoṣo tó dára ni mo sì wọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í, mo na ẹsẹ̀ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fà á.

Ipò kẹta ni ó gbà. Ó ní òun ì bá ti ṣe kejì, bí kì í bá ṣe pé mo pẹ́ jù nídìí báńdéèjì lórí koríko náà, tí ara òun fi tutù kí wọ́n tó fun fèrè.